Wọ́n fi owó ọgbà ìgbafẹ́ sínú pátíkúlà àbúrò mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Dàmọ́lá, Òkè-Fìà
Ẹ̀yin ará ilé, orí mi gbóná. Àbúrò mi tó wà l'Amẹ́ríkà ló ní òun á fi owó òrùlé ilé ìyá wa ránṣẹ́. Pánù ti dógùn-ún tán, ibi tí ìyá gbé bẹ́ẹ̀dì sí gan-an ló ti ń jò, káfíńtà sì ti gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó wá ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún pátíkúlà mọ́tò ṣe ni, kí n ní sùúrù. Mo ní kó fi rìsíìtì hàn mí. Owó ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ni mo bá níbẹ̀! Kí ló kan mọ́tò nínú ọgbà? Ṣé wọn ò ti rẹ́ ẹ jẹ? Ṣé kó lọ gbà á padà ni?

Bọ̀dá Káyọ̀
Ẹ ò sọ ìpínlẹ̀ tó wà. Ní Colorado níbí, 29 dọ́là ni wọ́n gbé e kalẹ̀ lọ́dún 2023. Wọ́n á ti kà á mọ́ owó mọ́tò, àfi téèyàn bá sọ pé òun ò san. Òfin ni, kì í ṣe jìbìtì.

Alhaja Ìgbọ̀nà
Òfin tó ń gbowó láìbi èèyàn? Ẹnu ọ̀nà la ti ń san tiwa ká tó wọ igbó Ọ̀ṣun. Ẹni tí ò lọ, kò san.

Ọmọ Ayétòrò
Alhaja, ọgbà ìgbafẹ́ Mandela ní Old Garage, níbí l'Óṣogbo, ńkọ́? Ta ni kó máa sanwó ẹni tó ń gbá a? Tí àwa onímọ́tò bá ń dá díẹ̀díẹ̀ tinútinú, ó dáa.

Alhaja Ìgbọ̀nà
Tinútinú yẹn ni mò ń wí. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi mí.

Ìyá Dàmọ́lá, Òkè-Fìà
Ẹ jọ̀ọ́, òrùlé ni mò ń sọ. Michigan ló wà, kì í ṣe Colorado.

Àǹtí Bísí
Háà, ìyẹn yàtọ̀ o. Michigan ni mo wà. Wọ́n máa ń bi èèyàn ni: ṣé ẹ máa san án àbí ẹ ò san? Láti 2010 ló ti rí bẹ́ẹ̀, 10 dọ́là ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kó wo sítíkà ara nọ́ńbà mọ́tò, lẹ́tà P á wà níbẹ̀. Òun ló fi ń wọ àwọn ọgbà ìpínlẹ̀ láìsanwó mọ́. Ẹni tí kò bá gbà, wọn kì í fi kún tiẹ̀.

Bọ̀dá Káyọ̀
Ó gbà nìyẹn. Ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀, ìyá. Owó yẹn ò tó ohun tó ń dá òrùlé dúró.

Ìyá Dàmọ́lá, Òkè-Fìà
Mi ò ní kó má gbafẹ́. Ó ti ya sítíkà náà ránṣẹ́, P wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ṣe pátíkúlà. Mọ́tò ìyàwó ẹ̀ ni, ìyàwó ló fowó ara ẹ̀ san gbogbo ẹ̀.

Àǹtí Bísí
Ìyá Dàmọ́lá! Èwo ló wá ń ná an lówó níbẹ̀? Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọgbà sílẹ̀. Ẹ pè é lálẹ́ òní, kó sọ ibi tówó òrùlé wà.