Arsenic fún jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ṣé àbúrò mi lè máa lo antioxidant pẹ̀lú ẹ̀?

Títílayọ̀_Ìbàdàn:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Wọ́n ní leukemia tí wọ́n ń pè ní APL ló ń ṣe àbúrò mi ọkùnrin, dókítà ní arsenic trioxide làwọn máa fà sí i lára, kó sì máa lo ATRA, oògùn kan tó jẹ́ irú vitamin A. Arsenic kẹ̀, májèlé! Mo wá kà á pé oxidative stress, ìyẹn kí èròjà atẹ́gùn tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ pọ̀ jù, ló fi ń pa sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún, ó sì dà mí lọ́kàn rú torí gbogbo èèyàn ló ń sọ pé oxidative stress ò dáa, màmá wa gan-an ti ra ike NAC kan, oògùn antioxidant tó ń gbógun ti oxidative stress, wálé pé kó máa lò ó kára ẹ̀ lè le. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lóye.

Aláyẹ̀wò_ẹ̀jẹ̀:
Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an, Ọlọ́run á wò ó sàn. Ẹ fi mitochondria tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ṣe jẹnẹrétọ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń rú èéfín, ROS là ń pe èéfín yẹn, òun ni èròjà atẹ́gùn tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́, glutathione, antioxidant tí sẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ ń ṣe, sì ni fèrèsé tó ń gbà jáde. Sẹ́ẹ̀lì leukemia kì í sinmi, ó ń pín ṣáá ni, èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún yàrá ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Arsenic á wá lẹ̀ mọ́ glutathione, fèrèsé ti padé nìyẹn, á tún da jẹnẹrétọ̀ fúnra ẹ̀ rú, ara mitochondria á lu, cytochrome c, protein inú ẹ̀, á jò síta, àwọn caspase, ìyẹn àwọn enzyme tó dà bí àlùmọ́gàjí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé sẹ́ẹ̀lì náà wẹ́wẹ́ látinú. Sẹ́ẹ̀lì tó dáa ṣì láyè nínú yàrá tiẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó lè fara dà á ju ti leukemia lọ.

Mo ti fojú mi rí i ní láàbù. Èròjà kan wà, DCFDA, tó bá kan ROS á máa tàn bí ewé tútù. A da arsenic sí sẹ́ẹ̀lì leukemia, gbogbo ẹ̀ tàn yòò. Èyí tá a kọ́kọ́ fún ní NAC, ó kàn ń ṣẹ́jú ni, púpọ̀ nínú wọn ò sì kú. Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ gba ike yẹn lọ́wọ́ màmá, ẹ fi han dókítà kó tó kan ẹnu ẹ̀.

Apòògùn_Ẹ̀gbá:
Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ní APL kì í ṣe èéfín nìkan. Chromosome 15 àti 17, ìyẹn okùn tó gbé àbùdá nínú sẹ́ẹ̀lì, ló pààrọ̀ apá kan ara wọn tó fi bí PML-RARA, protein burúkú tí ò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ funfun dàgbà. Arsenic á di apá PML mú, ATRA á di apá RARA mú, sẹ́ẹ̀lì á sì run protein náà. Zhang Tingdong àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Harbin, ní Ṣáínà, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láwọn ọdún 1970, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 2000. Nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2013, lára àwọn tí àìsàn wọn ò tíì le jù, ìdá 97 nínú 100 ló wà láìsí ìṣòro lẹ́yìn ọdún méjì pẹ̀lú ATRA àti arsenic, ti ATRA pẹ̀lú kímò (chemotherapy) jẹ́ 86. Tí ibà bá mú un, tí èémí ò já gaara, tàbí tó sanra lójijì, ẹ má dúró, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Kí wọ́n máa yẹ ọkàn ẹ̀ àti potassium ẹ̀ wò dáadáa.

Dámilọ́lá:
Ṣé artesunate tá a fi ń wo ibà náà ò ṣe bẹ́ẹ̀?

Apòògùn_Ẹ̀gbá:
Nínú àwo láàbù ni o, irin inú sẹ́ẹ̀lì ló ń fọ́ ọ tó fi ń mú ROS jáde. Ẹ má tìtorí ìyẹn fún aláìsàn leukemia.

Títílayọ̀_Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun gan-an, mo sunkún nígbà tí mo kà á. Mo ti gba ike náà, ọwọ́ dókítà ló wà. Wọ́n ṣe ECG, àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù, fún un láàárọ̀ yìí, ọ̀la ni wọ́n máa fa àkọ́kọ́.