Bọ́ọ̀sì àtijọ́ tí a fẹ́ sọ di ilé fún etí òkun: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Olùbéèrè

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Èmi àti ìyàwó mi, pẹ̀lú ọmọbìnrin wa tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 9, ti pinnu láti ra bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan, kí a tú àwọn ìjókòó inú rẹ̀ kúrò, kí a sì sọ ọ́ di ilé tí a ó máa gbé kiri ní àwọn ọ̀nà tí ó bá etí òkun lọ. Kì í ṣe ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ni a ní lọ́kàn. Ó kéré tán, ọdún kan ni. Bọ́ọ̀sì méjì ni a ti rí. Ọ̀kan gùn tó mítà 12, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn; èkejì kò ju mítà 7 lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà tuntun kùn ún láti òkè délẹ̀, ó sì wu ìyàwó mi púpọ̀. Èwo ni kí a mú nínú wọn? Kí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe kí iyọ̀ òkun má baà jẹ ọkọ̀ náà mọ́ wa lọ́wọ́? Báwo ni kí a ṣe ètò iná? Mo mọ iṣẹ́ káfíńtà dáadáa, ṣùgbọ́n n kò mọ nǹkan kan nípa irin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún wa.

Àgbà Wẹ́dà

Mo kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín, mo sì bá yín yọ̀ lórí ìpinnu yìí. Ọ̀dà tuntun tí ẹ mẹ́nu bà ni ó mú mi tètè dáhùn, nítorí pé ohun tí ó máa ń kọ mí lóminú jù lára bọ́ọ̀sì àtijọ́ ni kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún nígbà tí wọ́n fẹ́ tà á. Kí ẹ tó san owó kankan, ẹ ní kí wọ́n fi nǹkan dí táyà rẹ̀ kí ó má lè yí, kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti òòlù kékeré wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa kan ṣáṣì rẹ̀, ìyẹn àwọn irin ńlá tí ó gbé ọkọ̀ ró, díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tí ó yè yóò dún bí agogo. Èyí tí ìpáàrà ti jẹ inú rẹ̀ yóò dún bí pákó tí ó rà, nígbà mìíràn òòlù yóò kúkú wọnú rẹ̀ lọ. Ẹ wo ibi tí irin méjì ti pàdé, òkè táyà, ìdí ilẹ̀kùn, etí fèrèsé, àti abẹ́ pákó tí wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí etí òkun fi le fún irin ju ibòmíràn lọ. Bí ìgbì bá ti ń fọ́, ó máa ń ju ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Atẹ́gùn á gbé e dé ara ọkọ̀, omi rẹ̀ á gbẹ, iyọ̀ rẹ̀ á sì kù síbẹ̀. Iyọ̀ náà a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà irin abẹ́ ọkọ̀ yín lè tutù mọ́jú láìsí òjò kankan, ìpáàrà a sì máa yára nínú omi oníyọ̀ ju nínú omi lásán lọ.

Èmi fúnra mi ra bọ́ọ̀sì kan ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo sì tẹ́ pákó tuntun lé pákó àtijọ́ lórí nítorí pé mo ń kánjú. A kò tíì lo oṣù 8 létí òkun tí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Nígbà tí mo ṣí i, irin tí ó gbé e ró ti di ìyẹ̀fun pupa. Mo tú ilé ìdáná, mo tú ibùsùn, mo tú gbogbo ohun tí mo ti fi oṣù mẹ́rin kàn, kí n tó lè rí àyè jó irin tuntun mọ́ ọn. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ tú ilẹ̀ ọkọ̀ náà títí yóò fi kan irin kí ẹ tó kan ìṣó kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú u, ẹ ha ìpáàrà kúrò títí irin yóò fi dán, kí ẹ fi ọ̀dà àkọ́kùn tí ó ní síǹkì nínú kùn ún, kí ẹ tó fi ọ̀dà mìíràn lé e. Inú àwọn irin tí ó dà bí ọ̀pá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ ni ìpáàrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Epo tí ó nípọn bí ìda ni a máa ń fọ́n sínú rẹ̀, ẹ má sì ṣe dí àwọn ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní ti bóòtù àti síkúrù tí yóò wà níta, ẹ béèrè fún irin aláìdípẹtà oníye 316, kì í ṣe 304. Èròjà molybdenum tí ó wà nínú 316 ni ó jẹ́ kí ó lè dúró níwájú iyọ̀. Bí alumíníọ̀mù bá máa fara kan irin níbikíbi, ẹ fi rọ́bà sí àárín wọn, nítorí pé bí omi iyọ̀ bá ti so wọ́n pọ̀, alumíníọ̀mù ni yóò máa jẹ kúrò.

Obìnrin Ojú Ọ̀nà

Gbogbo ohun tí Àgbà Wẹ́dà sọ nípa irin ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ibi tí ẹ bá ń gbé ọkọ̀ sí yóò gba ọkọ̀ yín là ju ọ̀dà èyíkéyìí lọ. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, a máa ń dojú ọkọ̀ kọ òkun gan-an, kí a lè máa wo ìgbì láti orí ibùsùn. Ó dára fún alẹ́ kan tàbí méjì. Nísinsìnyí, kìlómítà kan tàbí méjì sí etí omi ni a máa ń dúró, lẹ́yìn òkè kékeré tàbí lẹ́yìn igi, a sì máa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí òkun, nítorí pé ìwọ̀n iyọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé máa ń dín kù gidigidi bí a bá ti ń kúrò níbi tí ìgbì ti ń fọ́. Lọ́sàn-án, bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná ju omi lọ, atẹ́gùn láti òkun ni ó máa ń fẹ́ wá sórí ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn yín kọ ẹ̀yìn sí i. Bí ẹ bá sì ti kúrò létí òkun, ẹ wá omi tí kò ní iyọ̀, kí ẹ fi fọ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó fọ ara rẹ̀.

Ẹ má ṣe sun níbi tí omi òkun lè dé. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ etí òkun, ìkún omi kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25, èyí tí ó fi jẹ́ pé àkókò rẹ̀ ń yẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́, ibi tí ó sì gbẹ lánàá ní agogo mẹ́wàá alẹ́ lè má gbẹ lọ́la. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tí òṣùpá bá kún, omi máa ń gòkè ju ti ìgbà yòókù lọ. Ìlà ewéko òkun tí ó ti gbẹ lórí iyanrìn yóò fi ibi tí omi dé kẹ́yìn hàn yín. Ẹ wá ìlà tí ó pẹ́ ju ìyẹn lọ lókè rẹ̀, kí ẹ sì gbà pé omi tún lè kọjá tọ̀hún bí ìjì bá jà.

Ní ti gígùn, n kò ní gba ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́ta níyànjú láti mú mítà 12. Ọ̀nà etí òkun sábà máa ń rí tóóró, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní òpin mìíràn ju omi lọ. A ti fi ẹ̀yìn rin ọ̀nà kan rí fún ohun tí ó lé ní wákàtí kan nítorí pé kò sí ibi tí a lè yí orí ọkọ̀ sí, ọkọ mi sì ń rìn lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Mítà 8 tàbí 9 ni mo rò pé ó tọ́ sí yín.

Rewáyà

Ẹ kú ìrònú. Ètò iná ni èmi yóò sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá iná fóòtì (volt) 24 ni bọ́ọ̀sì náà ń lò, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ńlá rí, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò tí ẹ ó rà fún inú ilé jẹ́ ti fóòtì 12. Ẹ má ṣe so wọ́n pọ̀ láìsí ẹ̀rọ tí ń yí èkíní sí èkejì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣírò ohun tí ẹ ó lò kí ẹ tó ra bátìrì. Bí fíríìjì yín bá ń lo wáàtì 50, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ìdajì ọjọ́, wáàtì-wákàtí 600 nìyẹn, ìyẹn wáàtì 50 lọ́nà wákàtí 12. Ẹ fi 300 kún un fún gílóòbù, fóònù àti ẹ̀rọ tí ń fa omi, ó di 900 lójúmọ́. Bátìrì LiFePO4 (irú bátìrì lithium kan) oní-fóòtì 12.8 tí ó jẹ́ 100 Ah (amp-hour, ìwọ̀n iná tí ó lè gbà sínú) ní wáàtì-wákàtí 1,280 nínú, nítorí náà méjì rẹ̀ yóò gbé yín la ọjọ́ méjì tí oòrùn kò yọ kọjá. Pánẹ́ẹ̀lì sólà oní-wáàtì 400 tí ó bá rí oòrùn dáadáa fún wákàtí 4 yóò mú 1,600 wá. Ẹ yọ ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan kúrò fún ohun tí ń ṣòfò, ó ku 1,200, èyí tí ó tó yín. Iyọ̀ yóò máa bo ojú pánẹ́ẹ̀lì náà, ẹ máa fi omi lásán nù ún. Bátìrì LiFePO4 kò gbọ́dọ̀ gba iná nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá tutù ju òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, nítorí náà bí ẹ bá ń lọ síbi tí ó tutù, inú ilé ni kí ó wà.

Wáyà tí ẹ ó lò ni ó ká mi lára jù. Níbi tí iyọ̀ wà, wáyà bàbà lásán máa ń di aláwọ̀ ewé láti ojú ibi tí a ti gé e, á sì máa jẹ wọnú lọ lábẹ́ rọ́bà rẹ̀. Wáyà bàbà tí a fi tánńganran (tin) bò, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ ojú omi, ni kí ẹ rà, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ga jù. Kí fíúsì àkọ́kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì gan-an, nítorí pé gbogbo ara bọ́ọ̀sì jẹ́ irin, wáyà tí ìgbọ̀nrìrì ọkọ̀ bá ti bó lára sì lè dá iná sílẹ̀ níbi tí ojú yín kò tó.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. A padà lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń tà á lónìí. Mo kan bọ́ọ̀sì ọlọ́dà tuntun náà bí Àgbà Wẹ́dà ti wí. Òòlù wọnú irin lẹ́ẹ̀mejì nídìí ilẹ̀kùn, mo sì rí i pé páálí àti ọ̀dà nìkan ni wọ́n fi dí ibẹ̀. Ìyàwó mi ni ó kọ́kọ́ sọ pé kí a máa lọ. Ti mítà 12 yè dáadáa, ṣùgbọ́n a ti gbọ́ ohun tí Obìnrin Ojú Ọ̀nà sọ. A ó wá oní-mítà 8 tàbí 9. Ìbéèrè tí ó kù ni ti omi, ti gáàsì, àti bóyá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wọ orí iyanrìn.

Awakọ̀ Àtijọ́

Ẹ má wọ orí iyanrìn. Ọkọ̀ kékeré lè dín afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ kù kí ó sì kọjá, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tí ó wúwo tó tọ́ọ̀nù mélòó kan yóò rì, bí òkun bá sì ń kún lọ́wọ́, kò sí ẹni tí yóò lè fà á yọ lásìkò.

Lítà omi kan jẹ́ kìlógíráàmù kan. Táǹkì lítà 300 dà bí ẹni pé ẹ gbé àgbàlagbà mẹ́rin sínú ọkọ̀, nítorí náà ẹ gbé e sílẹ̀ pátápátá, láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí ẹ má ṣe gbé e sí ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn. Ẹ wọn ọkọ̀ náà lẹ́yìn tí gbogbo ẹrù bá ti wọlé, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ bá rí wé ìwọ̀n tí àwọn tí ó ṣe é kọ sára rẹ̀. Ẹ wọn gíga rẹ̀ pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì sólà lórí rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ síbi tí awakọ̀ ti lè rí i, nítorí afárá. Lára táyà, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà tí ó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì tí a ń tà ti dúró pẹ́ lójú kan, táyà wọn lè dà bí tuntun kí ó sì ti gbó.

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bí ó bá jò, ilẹ̀ ni yóò kó ara jọ sí. Ẹ ṣe àpótí tí ẹnu rẹ̀ kò ṣí sínú ilé fún sílíńdà, kí ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí yóò já sí ìta ọkọ̀, kí sílíńdà náà sì dúró ṣánṣán. Ẹ ra ẹ̀rọ tí ń ké bí carbon monoxide, gáàsì olóró tí iná tí kò jó dáadáa máa ń mú jáde, bá pọ̀ nínú ilé, nítorí pé a kì í gbóòórùn rẹ̀, a kì í sì í rí i.

Obìnrin Ojú Ọ̀nà

Inú mi dùn pé ẹ fi bọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀. Nítorí ọmọ yín, mo ní nǹkan méjì láti fi kún un. Bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ gbọ́dọ̀ di mọ́ irin ọkọ̀, kì í ṣe mọ́ pákó, bí iṣẹ́ káfíńtà yín ti wù kí ó dára tó. Ẹ sì fi fèrèsé àbájáde kan sílẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, kí ẹ kọ́ ọ ní bí a ṣe ń ṣí i títí yóò fi lè ṣí i nínú òkùnkùn.

Olùbéèrè

A ó ṣe bẹ́ẹ̀, Mà. Àgbà Wẹ́dà, ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kan péré: bí a bá ti kun irin tán, ṣé kí n kan fóòmù tí ń dí ooru àti òtútù mọ́ ara ọkọ̀ ní kíá, àbí ohun mìíràn wà tí ó yẹ kó ṣáájú?

Àgbà Wẹ́dà

Omi ni kí ó ṣáájú. Ẹ fi rọ́bà omi wẹ òrùlé àti gbogbo etí fèrèsé fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ó máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi bá ti yọ. Ẹ dí gbogbo rẹ̀, kí ẹ tún wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ihò àwọn fáànù òrùlé, nítorí pé èémí ẹni mẹ́ta lóru kan máa ń di omi lára irin tútù bí kò bá rí ọ̀nà jáde. Fóòmù tí kì í fa omi mu ni kí ẹ wá lẹ̀ mọ́ irin náà, kí ó lẹ̀ mọ́ ọn tímọ́tímọ́ láìsí àyè láàárín. Bí ẹ bá rí bọ́ọ̀sì mìíràn, ẹ ya fọ́tò abẹ́ rẹ̀ fún mi kí ẹ tó sanwó, èmi yóò bá yín wò ó.