Omi àpamọ́ ni o, kì í ṣe "afipamọ́"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀kún o. Mo ka ìwé tí ọ̀kan nínú wa túmọ̀ sí Yorùbá lánàá, lórí bí àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó l'Amẹ́ríkà ṣe ń tọ́jú omi mímu de ọjọ́ tí omi ẹ̀rọ ò bá yọ mọ́ lójijì. Iṣẹ́ gidi ló ṣe, mo kí i. Ṣùgbọ́n "omi afipamọ́ fún pàjáwìrì" tó pè é yẹn, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń tẹ eléyìí.

Ẹ jẹ́ ká mú "a" tó ṣíwájú "afipamọ́" yẹn ná. A olóhùn àárín, ẹni tó ń ṣe nǹkan ló ń tọ́ka sí: apẹja, adájọ́. À olóhùn ìsàlẹ̀, nǹkan tí wọ́n ti ṣe ni: àjẹkù, àlòkù. Ó wá di pé omi ọ̀hún fúnra ẹ̀ ló ń fi nǹkan pamọ́!

"Fi" tó wà láàárín ẹ̀ yẹn ló tiẹ̀ bí mi nínú jù. Tí mo bá fi owó pamọ́, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i ni. Tí mo bá pa á mọ́, mò ń ṣọ́ ọ kó má bàjẹ́. Ẹni tó ní kí Ọlọ́run fi òun pamọ́, ọ̀tá ló ń sá fún. Ẹni tó ní kó pa òun mọ́, ẹ̀mí ló ń tọrọ. Ẹ wo nǹkan tí CDC wọn lọ́hùn-ún, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, ní kéèyàn ṣe: gálọ́ọ̀nù kan (bíi lítà 4) fún ẹnì kan lóòjọ́, ó kéré tán ti ọjọ́ 3, nínú kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí ẹ̀ le dáadáa tí ẹnu ẹ̀ ò sì fẹ̀, tí wọn ò rọ oògùn kòkòrò sí rí, kó má sí nínú oòrùn, téèyàn bá sì rọ ọ́ fúnra ẹ̀, tí oṣù 6 bá ti pé kó dà á nù kó rọ òmíràn. Ṣé nǹkan tí wọ́n fi pamọ́ lèèyàn ń yọjú wò báyẹn? Àgbà kì í sì tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, tẹ́ ẹ bá wá fi omi pamọ́ fún un, ta ló máa wá a kàn?

Ìyá ìyá mi ní Ìsánlú, àwo ló fi ń bo àmù ẹ̀, igbá kan ṣoṣo ló sì wà lórí ẹ̀, tó bá rí ọmọ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ariwo ẹ̀ á dé ìta. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á ya omi tó mọ́ sọ́tọ̀ fún baba wa tó wà lórí àìsàn, á ní "ẹ bá mi pa ti baba mọ́ o". Mi ò gbọ́ "fi" kankan lẹ́nu ẹ̀.

Ọ̀gá tó sì ní kí àwa ará Kogí má kọ́ òun ní Yorùbá, ọdún 27 ni mo fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá ní Kàbbà, kó bá mi fi gírámà jiyàn, kó má fi máàpù jiyàn.

Mo gba pàjáwìrì tiẹ̀, "omi àpamọ́ fún pàjáwìrì", ó ti tó. Àmọ́ "arúgbó" tó lẹ̀ mọ́ "ilé" yẹn, mi ò tíì gbà á, àgbà là ń pè wọ́n nílé wa, màá kọ tìyẹn lọ́la tí wọ́n bá mú iná wá.