Myford ML7: ṣé kí n bó shim ni, àbí kí n ṣe bíárìn tuntun?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tọ́nà àti ẹ̀yin oníṣẹ́ irin. Mo ń tún lathe (ẹ̀rọ tó máa ń yí irin kí èèyàn lè gé e) Myford ML7 kan ṣe nílé mi n'Íbàdàn, irú èyí tí wọ́n ṣe ní Beeston, lẹ́bàá Nottingham, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Olùkọ́ iṣẹ́ irin kan tó ti fẹ̀yìn tì ló tà á fún mi. Ojúlówó ẹ̀rọ ni. N ò ní jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ àwọn oní-condemn.

Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìyẹn irin gbọọrọ tí ìyókù jókòó lé, tó dógùn-ún ti mọ́. Kẹrosíìnì àti wáyà ìfọkòkò ni mo fi ṣe é, n ò fi sáńpépà kàn án rárá.

Ibi spindle, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí, ni wàhálà wà. Tí mo bá fi igi gbé chuck (ohun tó ń di irin mú lórí spindle) sókè, abẹ́rẹ́ dial gauge tí mo fi ń wọn bó ṣe ń mì máa ń sún tó 0.1 mm. Bíárìn rẹ̀ kì í ṣe oníbọ́ọ̀lù, white metal (irin rírọ̀ tí wọ́n yọ́ sí i) ni, shim (irin pẹlẹbẹ fẹ́ẹ́rẹ́) onípele-ìpele sì wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀ tí èèyàn lè máa bó díẹ̀díẹ̀ kí àlàfo lè dín kù. Àmọ́ bíárìn iwájú ti họ: ìlà kan wà níbẹ̀ tí èékánná mi ń kọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n bó shim, kí n sì fi scraper fá ojú rẹ̀, àbí kí n wá ẹni tó máa yọ́ white metal tuntun sí i? Ta lẹ mọ̀ tó ń ṣe é dáadáa, ní Ìbàdàn tàbí l'Ékòó? Ọ́ìlì hydraulic ISO 32 ni mo fẹ́ máa lò fún un. Èwo nínú èyí tó wà lọ́jà wa lẹ ti lò tí ò já yín kulẹ̀?