Ẹ bá mi dá sí i: Toyota tó ti Ohio wá ni kí n rà, àbí Ford ará Texas?

Alágà Houston:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin àbúrò mi.

Iṣẹ́ àga àti kánópì ni mò ń ṣe ní Houston níbí. Ẹ ń sọmọ lórúkọ, ẹ ń ṣègbéyàwó, ẹ ń ṣe ọjọ́ ìbí fún màmá, èmi ni mo máa ń kó àga, tábìlì, kánópì àti àwọn kúlà ìrẹsì dé. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń fi ọkọ̀ ìyàwó mi ṣe é. Oṣù tó kọjá ni kúlà ọbẹ̀ ata kan dojú dé lórí ìjókòó ẹ̀yìn. A ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òórùn irú kò lọ. Ìyàwó mi ní òun ò ní fi ọkọ̀ yẹn gbé ọmọ lọ sí iléèwé mọ́ bí mo bá tún kó ẹrù òde sí i. Ó jàre.

Píkọ́ọ̀pù ni mo fẹ́ rà. Owó ọwọ́ mi kò ju 16,000 dọ́là lọ, mi ò sì fẹ́ jẹ gbèsè báńkì. Méjì ni mo ti rí.

Ọ̀kan ni Toyota Tacoma 2010, ẹ́ńjìnnì V6 oní-lítà 4.0. Ó ti rin 148,000 máìlì, 13,500 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Ohio ni wọ́n ti lò ó kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á níbí. Èkejì ni Ford F-150 2015, V8 oní-lítà 5.0, 118,000 máìlì, 15,200 dọ́là. Ẹnì kan ṣoṣo ló ti ń lò ó ní Texas láti ìgbà tó ti wà ní tuntun.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn ní kí n má wulẹ̀ yíjú sí ọkọ̀ Amẹ́ríkà, pé Toyota kì í kú, àti pé tó bá yá, a ó fi ránṣẹ́ sílé. Aládùúgbò mi tó jẹ́ ọmọ Texas ní ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kò lè fa ẹrù. Tírélà kékeré tí mo máa ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, tí ẹrù bá kún un, ìwọ̀n rẹ̀ ń sún mọ́ 5,000 pọ́n-ùn. Èwo ni kò ní dá mi dúró sójú títì láàárọ̀ Sátidé tí olóde ń retí àga? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ìyá Ìbejì, Dallas:

Toyota ni o, ọmọ mi. Camry tí bàbá ìbejì ń wà ti rin 260,000 máìlì, a ò tíì ṣí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí. Ọ́ìlì là ń pààrọ̀, táyà là ń pààrọ̀, ó tán.

Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, Atlanta:

Alágà, jẹ́ kí n bi ọ́: kí là ń pè ní ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè gan-an? Ọdún 22 ni mo ti ń wa ọkọ̀ ńlá káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. San Antonio, tí kò ju ìrìn wákàtí mẹ́ta lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ, ni Toyota ti ń ṣe píkọ́ọ̀pù Tundra. Alabama ni Honda ti ń ṣe Ridgeline, Mississippi ni Nissan ti ń ṣe Frontier. Wá wo Ford Maverick tí gbogbo ayé ń pè ní ọmọ Amẹ́ríkà: Hermosillo ní Mẹ́síkò ni wọ́n ti ń ṣe é.

Adìyẹ ló fà á. Mi ò ṣeré o. Ní 1962, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan fi kún owó-ibodè tí wọ́n ń gbà lórí adìyẹ Amẹ́ríkà, torí pé ó ti gba ọjà mọ́ àwọn àgbẹ̀ wọn lọ́wọ́. Ààrẹ Johnson ti Amẹ́ríkà gbẹ̀san. Láti 1964, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, bíi píkọ́ọ̀pù, tó bá ti òkè òkun wọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ san ìdá 25 nínú 100 iye rẹ̀. Volkswagen ti Jámánì ni wọ́n dójú sọ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ adìyẹ ti tán tipẹ́, owó-ibodè yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí àwọn ará Japan kó iléeṣẹ́ píkọ́ọ̀pù wá síbí nìyẹn, dípò kí wọ́n máa fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá.

Wo VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, lábẹ́ gíláàsì iwájú, ní igun ọ̀dọ̀ awakọ̀. Bó bá jẹ́ 1, 4 tàbí 5 ló ṣíwájú, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. 2 ni Kánádà, 3 ni Mẹ́síkò, J ni Japan.

Alágà Houston:

Ẹ̀gbọ́n, mo ti wò ó nínú àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. 5TE ló ṣíwájú ti Toyota, 1FT ni ti Ford. Ọmọ ilẹ̀ yìí làwọn méjèèjì!

Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, Atlanta:

Ẹn-hẹ́n. Fremont ní California ni Tacoma yẹn ti jáde nígbà náà. Toyota àti General Motors ló jọ ni iléeṣẹ́ yẹn láti 1984, wọ́n sì tì í ní 2010. Tesla ló wà nínú ọgbà náà báyìí. Nítorí náà, orúkọ tó wà ní iwájú ọkọ̀ kò tó nǹkan tí wàá fi san owó.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì, Katy:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ Ohio yẹn kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Ní Ohio, tí yìnyín bá bọ́, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì. Omi iyọ̀ yẹn ń ta sí abẹ́ ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù, ó sì ń wọ inú ṣáàsì, irin gígùn méjì tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró. Ẹ́ńjìnnì Tacoma yẹn dára, mo fọwọ́ sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó dára lórí ṣáàsì tó ti dógùn-ún, ilé alájà ni lórí ìpìlẹ̀ tí ikán ti jẹ. Ní 2016, Toyota gbà láti ná tó 3.4 bílíọ̀nù dọ́là lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an: Tacoma 2005 sí 2010, Tundra 2007 àti 2008, Sequoia 2005 sí 2008. Wọ́n ń yẹ ṣáàsì wò lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà, èyí tó bá ti jẹrà, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Ọdún 12 láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ta ọkọ̀ ni ẹ̀tọ́ yẹn ń pẹ́, ti 2010 sì ti lọ. Ẹ pe oníṣòwò Toyota, ẹ fún wọn ní VIN, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ṣáàsì ti èyí rí. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi òòlù kékeré máa kan ṣáàsì láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá lókè táyà ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti so spírìn mọ́ ọn. Irin tó le máa dún bí agogo. Èyí tó ti jẹrà máa ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń lu páálí. Bí ẹ bá rí ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí wọ́n fi ń bò. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tínú ń run.

Ti Ford: láti 2015 ni ara F-150 ti di alumíníọ̀mù, kì í dógùn-ún. Ṣáàsì rẹ̀ ṣì jẹ́ irin o, òun náà ẹ kàn án lóòlù. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ́ńjìnnì tó ti tutù ni kẹ́ ẹ fetí sí.

Ìyá Ìbejì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mà, àmọ́ ọkọ̀ kan ò dà bí èkejì. Ní 2024, Toyota pe nǹkan bí 102,000 ọkọ̀ padà, Tundra àti Lexus LX ti 2022 àti 2023, torí irin wẹ́wẹ́ tó ṣẹ́kù sínú ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ní 2025, General Motors náà pe ọkọ̀ tó sún mọ́ 600,000 padà ní Amẹ́ríkà nítorí àléébù ẹ́ńjìnnì V8 wọn oní-lítà 6.2. Ẹ fi VIN wo ọkọ̀ èyíkéyìí lórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ Òṣogbo, Chicago:

Ọ̀gá, òótọ́ lẹ sọ nípa iyọ̀. Mi ò ní dárúkọ irú ọkọ̀ tí mo ní. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà, mo fẹ́ padà sẹ́yìn, mo gbọ́ gbàmù! Ẹ̀yìn ọkọ̀ rọ̀ lápá kan. Irin tó di spírìn mú ti já kúrò lára ṣáàsì. Ọmọ mi obìnrin wà lẹ́yìn. Ká ní ojú ọ̀nà ńlá ni, mi ò bá má lè kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Àbúrò Katy:

Nissan Frontier ńkọ́? Wọn kì í tà á wọ́n.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì, Katy:

Ó dára, àmọ́ tó bá jẹ́ ti 2005 sí 2010, ẹ ṣọ́ra. Rádíétọ̀ wọn máa ń jò nínú, omi rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì jíà, á wá rí bíi yógọ́ọ̀tì aláwọ̀ osùn. Tó bá ti dé ibẹ̀, jíà ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá ti pààrọ̀ rádíétọ̀ yẹn ti bọ́.

Oníṣòwò Ládípọ̀, Mushin:

Láti ilé ni mo ti ń kọ̀wé o. Ẹ̀yà ara Tacoma àti Tundra wà lọ́jà wa, tòkunbọ̀ ni, ẹ máa rí i. Ti F-150 kò pọ̀, ẹ lè dúró títí kí ẹnì kan tó gbé e dé láti Amẹ́ríkà. Hilux la mọ̀ jù níbí, wọn ò sì tà á ní Amẹ́ríkà mọ́ láti 1995. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ yìí ránṣẹ́ sílé lọ́dún méjì sí i, Toyota ni. Tó bá jẹ́ Houston lẹ ti fẹ́ lò ó gbó, ẹ má fi tiwa ṣe.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì, Katy:

Ọ̀rọ̀ gidi. Alágà, ẹ tún wo ìdí Tacoma yẹn dáadáa. Bí kò bá ní ohun èlò ìfatírélà tí iléeṣẹ́ dè mọ́ ọn, 3,500 pọ́n-ùn ló lè fà. Èyí tó ní in ló ń fa 6,500. Tírélà yín ń lọ sí 5,000. Ọjọ́ Sátidé mi ṣófo, mo lè bá yín lọ.

Alágà Houston:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun, ẹ kú àdúróti. A ti lọ.

Ti Ohio la kọ́kọ́ wò. Lókè, ó ń dán bíi dígí. Ọ̀gá tẹ́ páálí, ó wọlé sábẹ́, ó ní kí èmi náà wá. Ọ̀dà dúdú tuntun ló wà lábẹ́, ó ṣì ń rùn. Ó kan iwájú, ó dún gan-an. Ó kan ẹ̀yìn lókè táyà ọ̀tún, ohùn yí padà. Ó kan án lẹ́ẹ̀kan sí i, ìpẹtà kan tó fẹ̀ tó bisikíìtì já bọ́ sí àyà mi. Ẹni tó ń tà á kò sọ nǹkan kan. Mo fi ìpẹtà yẹn lé e lọ́wọ́, mo sì dìde. Kò tiẹ̀ ní ohun èlò ìfatírélà.

Bàbá àgbàlagbà kan ló ni Ford. Ó gbé páálí bàtà kan jáde, rìsíìtì ọ́ìlì tó ti ń pààrọ̀ láti 2015 ló kún inú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tutù, ó tan án, kò sí ariwo kankan. Ṣáàsì dún látòkèdélẹ̀. A dúnàá dúrà títí, ó gbà á ní 14,600.

Mo ti ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn. Inú rẹ̀ kò tíì dùn sí i, àmọ́ nígbà tí mo fi àwòrán ìpẹtà yẹn ránṣẹ́ sí i, ó ní kí n gbádùn ọkọ̀ mi.

Sátidé tó ń bọ̀ mo ní ìsọmọlórúkọ kan ní Sugar Land, àga 150. Ẹni tó bá ní bọ́ọ̀lù ìfatírélà oní-ínṣì 2 tí kò lò, kó jọ̀ọ́ kó pè mí kó tó di Ọjọ́bọ̀.