Mo ń bọ̀ ní Àkúrẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: níbo ni mo ti lè ṣeré ìdárayá láìnáwó púpọ̀?

Ọmọ Sùúrùlérè:
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi iṣẹ́ mi ń rán mi bọ̀ ní Àkúrẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Alágbàká ni ilé tí wọ́n gbà fún mi wà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, á bá mi wá torí pé ilé ìwé á ti gba ìsinmi.

Ẹni ọdún 41 ni mí. Ní Èkó, mo ń san owó oṣù ní jíìmù kan, àmọ́ mo lè má débẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jáde, aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo ń wọlé, inú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ ni ìyókù ń lọ. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Tí mo bá gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ṣe ni mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mi ò fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí ṣòfò.

Níbo làwọn ará Àkúrẹ́ ti ń sáré? Ṣé obìnrin tó jẹ́ àlejò lè dá jáde ní ìdájí? Ọmọ mi ńkọ́? Bó jí, bọ́ọ̀lù, bó fẹ́ sùn, bọ́ọ̀lù.

Ìyá Ìbejì, Alágbàká:
Káàbọ̀ o, àbúrò mi. Ibi tí wọ́n fi ẹ́ sí gan-an ni wàá ti sáré. Alágbàká ni àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà, ọ̀nà ibẹ̀ fẹ̀, ọkọ̀ kì í sì í pọ̀ láàárọ̀ Sátidé àti Sọ́ńdè. Má dá jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ o. O ò tíì mọ ibi tí kòtò wà, o ò sì mọ ilé tí wọ́n ti ń tú ajá sílẹ̀ lóru. Jẹ́ kó di aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Apá òsì títì ni kó o gbà, kí ojú ẹ lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Bó o bá pàdé àwọn tó ń sáré, kí wọn. Bí èmi àtàwọn mẹ́ta tá a jọ ń rìn báyìí ṣe mọra nìyẹn, kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Nọ́ńbà Mẹ́jọ:
Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ yín. Kò nílò pápá olówó. Pápá èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ariwo lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń gbá sẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ nìyẹn. Òkúta méjì ni ilé góòlù, ènìyàn márùn-ún márùn-ún, ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ gbá góòlù méjì wọlé ló máa dúró, èyí tó fìdí rẹmi á jáde fún sẹ́ẹ̀tì tó kàn.

Àlejò kì í kàn já wọlé o. Kó lọ bá ẹni tó ń to sẹ́ẹ̀tì, kó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ wọ sẹ́ẹ̀tì,” kó wá jókòó dúró. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi í ṣọ́lé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kó má bínú, kó ṣọ́ ọ dáadáa. Tó bá mú bọ́ọ̀lù gidi méjì mẹ́ta, gbogbo wọn á ti mọ orúkọ ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kánfáàsì ni kó wọ̀. Àwọn kan ń gbá a láìwọ bàtà, bàtà bọ́ọ̀lù eléyín á ṣe wọ́n léṣe.

Alágbára:
Ẹ lọ jíìmù ní tiyín. Oṣù kẹjọ kọ́ lẹ ń wí yìí? Òjò ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Alágbàká:
Ó ti sọ pé òun ò fẹ́ náwó púpọ̀.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò:
Ọ̀rọ̀ òjò yẹn kì í ṣe irọ́ o. Ọjọ́ tó bá rọ̀, àtẹ̀gùn inú ilé náà tó: ẹ máa gùn ún, ẹ máa sọ̀ ọ́, ìṣẹ́jú 15. Ẹ jókòó sórí àga, kẹ́ ẹ dìde láìfọwọ́ tì í, ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, mà, torí mímí hẹlẹhẹlẹ yẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe eré ìdárayá ìwọ̀nba lọ́sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń yára rìn fún ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún, ẹ ti débẹ̀. Ẹ fi ẹnu yín wọ̀n ọ́n: tẹ́ ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tẹ́ ò lè kọrin, ó dára bẹ́ẹ̀. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí tí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dúró, ẹ lọ rí dókítà.

Ọmọ Ìdànrè:
Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ti sọ̀rọ̀ tó báyìí, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ òkè wa, Òkè Ìdànrè? Kò ju bíi kìlómítà 25 lọ sí Àkúrẹ́. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Àwọn baba ńlá wa gbé lórí òkè yẹn títí di 1923 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, ààfin àtijọ́ àti kóòtù àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀. Láti 2007 ló ti wà nínú àwọn ibi tí Nàìjíríà fi sílẹ̀ fún UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́ àti àṣà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, láti gbé yẹ̀ wò bóyá kó di ibi ogún àgbáyé. Owó ọkọ̀ àti owó ìwọlé nìkan lẹ máa san.

Ọmọ Sùúrùlérè:
Ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ Ìdànrè, ṣé kí n lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́?

Ọmọ Ìdànrè:
Rárá o, mà. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ máa wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní Àkúrẹ́ gùn, wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ tètè débẹ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ gbé omi dání, ẹ sinmi níbi tí wọ́n ṣe fún ìsinmi lójú ọ̀nà. Ọmọ yín á fẹ́ sáré gòkè. Ẹ má tẹ̀ lé e. Bí òjò bá rọ̀ lóru, ẹ sún un síwájú, torí àpáta tútù ń yọ̀.

Ohun tí àlejò kì í mọ̀ ni pé sísọ̀kalẹ̀ ló ń pa ẹsẹ̀ jù. Èémí ni gígùn ń gbà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan itan ló ń dá gbogbo ara yín dúró ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta lẹ máa mọ̀ ọ́n. Ẹ rọra sọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tẹ orúnkún díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá délẹ̀, ẹ jẹ iyán.

Bàbá Tíṣà:
Bí ọmọ yẹn bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ẹ wádìí bóyá Sunshine Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Àkúrẹ́, ní eré nílé lásìkò yẹn. Ní 2012, wọ́n dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú CAF Champions League, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà. Al Ahly ti Íjíbítì ló dá wọn dúró. Ìjẹ̀bú-Òde ni Sunshine Stars ti gbàlejò Al Ahly, ayò 3 sí 3, tí Al Ahly sì fi 1 sí òdo na tiwa ní Íjíbítì. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní pé Àkúrẹ́ kọ́ ni wọ́n ti gbá eré yẹn.

Ọmọ Sùúrùlérè:
Mo ti ka ti Nọ́ńbà Mẹ́jọ sí ọmọ mi létí. Ó ní òun á ṣọ́lé. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè bá yín rìn?

Ìyá Ìbejì, Alágbàká:
Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bèèrè ni? Sátidé tó o bá dé, aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Tẹ̀ mí láago lálẹ́ Fúráìdè kí n wá mú ẹ lẹ́nu géètì.