Ẹjọ́ Sally Challen àti ìjẹgàba nínú ilé: ẹ wá sọ ohun tí ẹ mọ̀

Alága: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹjọ́ Sally Challen, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi òòlù pa ọkọ rẹ̀, tún ti di àríyànjiyàn láàárín àwọn ará wa, pàápàá lórí ìjẹgàba, ìyẹn kí ẹnìkan máa darí gbogbo ìgbé ayé ẹnìkejì rẹ̀ nínú ilé. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín kan ilé ẹjọ́, ilé ìwòsàn tàbí ilé ààbò, kí lẹ máa ń bá pàdé nínú irú ẹjọ́ báyìí? Ẹ má dárúkọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìròyìn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Kí ló tún kù tí a fẹ́ sọ? Obìnrin gbé òòlù sínú báàgì, ó lọ bá ọkọ nílé, ó se oúnjẹ fún un, ó wá fi òòlù lù ú lórí lé ní ogún ìgbà. Wọ́n ní kó máa relé. Bó bá jẹ́ ọkùnrin ló ṣe é ńkọ́?

Àbẹ̀kẹ́ Croydon: Nínú òjò ló lọ ra oúnjẹ ọ̀hún wá o. Ẹ sọ ọ́ pé.

Lọ́yà Ìgbòṣeré: Ọmọ Ìjẹ̀bú, ta ló ní kó máa relé? 14 oṣù Kẹjọ 2010 ló pa Richard ní Claygate, ní Surrey. Ní oṣù Kẹfà 2011, ilé ẹjọ́ Guildford dá a lẹ́bi murder (ìmọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn), wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n gbére, kó lo ọdún 22 ó kéré tán. Wọ́n gé e sí 18 nígbà tó yá. Àtimọ́lé àti ẹ̀wọ̀n ló wà láti ìgbà náà títí di 2019. 28 oṣù Kejì 2019 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà, tí wọ́n ní kí wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́. Kí wọ́n tó tún un gbọ́, agbẹjọ́rò ìjọba gbà pé manslaughter ni, ìyẹn ìpànìyàn tí ẹ̀bi rẹ̀ kò tó ti murder. 7 oṣù Kẹfà, Adájọ́ Edis fún un ní ọdún 9 àti oṣù 4 ní Old Bailey, wọ́n sì ní èyí tó ti lò ti tó.

Ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ káàkiri pé ilé ẹjọ́ ní bí ọkọ bá jẹgàba lé ọ lórí, o lè pa á, irọ́ gbuu ni. Àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ ọ́ ní gbangba pé ìjẹgàba nìkan kì í ṣe àwíjàre fún murder. Ẹ̀rí tuntun láti ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ ló ṣí ilẹ̀kùn. Ìjẹgàba wà lára ohun tí wọ́n fi ń wo bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò rí ní 2011, tí wọ́n wá rí ní 2019. Ó dáa.

Nọ́ọ̀sì Leeds: Ẹ̀gbọ́n, ní 2011 náà wọ́n sọ̀rọ̀ ọpọlọ rẹ̀, àwọn aráàlú méjìlá tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ kò gbà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ní ìgbà náà dókítà máa ń bi aláìsàn léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń rí lára: oorun, ẹkún, èrò ikú. Kò sí ẹni tó ń bi í léèrè ẹni tó ń ka owó inú pọ́ọ̀sì rẹ̀, tàbí ẹni tó ń sọ fún un pé ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí kò ṣẹlẹ̀. Ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún ni nígbà tó pàdé ọkùnrin yẹn, wọ́n wá ṣe ìgbéyàwó fún ọdún 31. Bí ẹ bá gbé ọdún 31 kúrò nínú àyẹ̀wò, kí ló kù tí dókítà máa yẹ̀ wò?

Baba Sùúrù: Kò sí ilé tí wọn kì í ti í jà.

Òṣìṣẹ́ Ilé Ààbò: Bàbá, ìjà kọ́ là ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọlọ́pàá wá, torí ibẹ̀ ni fáìlì ti ń kú. Abala 76 nínú Serious Crime Act 2015 ló sọ ìjẹgàba nínú ilé di ẹ̀ṣẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 29 oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ìwà náà gbọ́dọ̀ máa wáyé léraléra. Ó gbọ́dọ̀ mú kí ẹni náà bẹ̀rù ìwà ipá, ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mejì, tàbí kó kó ìpayà bá a débi pé ìgbé ayé rẹ̀ ojoojúmọ́ yí padà gidi. Ẹni tó ń hùwà náà sì gbọ́dọ̀ mọ̀, tàbí kó jẹ́ pé ó yẹ kó mọ̀. Ìjìyà rẹ̀ kò ju ọdún 5 lọ.

Ẹ wo "ìgbé ayé ojoojúmọ́" yẹn dáadáa. Obìnrin máa jókòó níwájú ọlọ́pàá, wọ́n á ní "ṣé ó máa ń lù ọ́?", á ní rárá, ọlọ́pàá á ti ìwé rẹ̀. Ìdáhùn tó ń gbé ẹjọ́ ró ni irú èyí: ó yí ọ̀nà tó ń gbà lọ síbi iṣẹ́ padà torí ọkọ ń ka ìṣẹ́jú, ó jáwọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin, kì í gbé fóònù ìyá rẹ̀ àfi tí ọkọ bá wà nítòsí, ó ń tọ́jú rìsíìtì tòmátò. Kó sọ wọ́n pẹ̀lú ọjọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Croydon: Rìsíìtì tòmátò! Mo mọ ilé tó pọ̀ tí wọ́n ń pe ìyẹn ní "ọkọ mi mọ owó ṣọ́".

Gbénàgbénà Ilorin: Látìgbà tí mo ti ka ẹjọ́ yìí, mo ti ń kó irinṣẹ́ mi sí ṣọ́ọ̀bù. Òòlù kì í sùn nílé mi mọ́ 😂

Òṣìṣẹ́ Ilé Ààbò: @Gbénàgbénà 😂 ẹ kó ayùn náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́: obìnrin á pa gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́ torí kí ìjà lè parí. Tàbí kó ya àwòrán ojú fóònù tí nọ́ńbà àti ọjọ́ kò hàn níbẹ̀, ilé ẹjọ́ á béèrè ta ló kọ ọ́. Tàbí kó máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù tí ọkọ mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn: íméèlì tuntun tí a ṣí lórí ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ tàbí ti ilé ìkàwé, kì í ṣe ti ilé. Ẹ yẹ Google Maps wò bóyá wọ́n ń rí ibi tí ẹ wà, ẹ yẹ inú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ àti báàgì ọmọ wò. Àmọ́ bí ẹ bá rí ohun tó ń tọ ipa yín, ẹ má yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ohun náà bá ti kú lójijì, ọkọ ti mọ̀ nìyẹn pé ẹ ti rí i. Ẹ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀ kọ́kọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Gbogbo èyí, ọkùnrin nìkan ni wọ́n fi ń mú.

Lọ́yà Ìgbòṣeré: Luton Crown Court, 2018. Obìnrin kan gba ọdún 7 àti ààbọ̀ lórí ohun tó ṣe fún ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀: ó ya á kúrò lọ́dọ̀ ẹbí, ó fi oúnjẹ dù ú, ó da omi gbígbóná sí i lára. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n dá lẹ́bi ìjẹgàba lábẹ́ òfin yìí. Òfin náà kò bèèrè ẹni tó wọ ṣòkòtò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ọdún 7 ààbọ̀? Ṣebí ẹ ní kò ju 5 lọ.

Lọ́yà Ìgbòṣeré: Ìpalára ara wà nínú ẹ̀sùn rẹ̀. Wọ́n pa á pọ̀ ni. Ẹ ṣeun tí ẹ ń ṣírò.

Àdúkẹ́ Dublin: Ireland náà ní tiwọn láti 1 oṣù Kìíní 2019. Scotland ló le jù, láti oṣù Kẹrin 2019, ọdún 14 ló lè jẹ́.

Baba Sùúrù: Ẹ̀yin ọmọ òyìnbó, ẹ fi ẹbí sílẹ̀, ẹ ń sáré bá ọlọ́pàá. Nílé, àgbà méjì jókòó, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìyá Ọ̀ṣọ́dì: Bàbá ẹ jọ̀ọ́. Ẹjọ́ Arowolo tó wà ní Ìsọlọ̀ ní 2011 ńkọ́? Òṣìṣẹ́ báńkì ni ìyàwó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Obafunwa tó yẹ òkú wò ka ọgbẹ́ 76. Ọkọ ní ìyàwó fúnra rẹ̀ ló gún ara rẹ̀! Ọdún 2014 ni Adájọ́ Okunnu tó dájọ́ ikú fún un. Ẹ sọ fún mi ibi tí àgbà méjì jókòó sí.

Baba Sùúrù: Mi ò sọ pé kò sí ọkọ burúkú.

Ìyá Ọ̀ṣọ́dì: Ẹ ṣeun sà.

Nọ́ọ̀sì Leeds: Ẹ̀yin àgbà tí ń bá wọn làjà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ mọ èyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jane Monckton Smith yẹ ikú obìnrin 372 wò ní Britain, ó sì rí ìpele mẹ́jọ tí wọ́n máa ń gbà kọjá. Ìbínú òjijì kọ́ ló ń pa wọ́n. Ìkẹrin nínú ìpele náà ni ohun tó mi ìjẹgàba ọ̀hún, lọ́pọ̀ ìgbà obìnrin ló ní òun ń lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ló ń le sí i, lẹ́yìn náà ọkùnrin á yí èrò padà, á dákẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò. Ìdákẹ́ yẹn làwọn ẹbí máa ń pè ní "ó ti gbọ́ràn sí wa lẹ́nu". Bí ẹ bá fẹ́ dá obìnrin padà sílé ọkọ, ẹ bèèrè kọ́kọ́: ṣé ó ti fún un lọ́rùn rí? Ìyẹn nìkan tó láti má dá a padà.

Àbẹ̀kẹ́ Croydon: Ìdákẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju òòlù lọ.

Fìsà Wàhálà: Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ òfin, ẹ ò sọ̀rọ̀ fìsà. Àwọn tó bá ọkọ tàbí aya wá sí UK gẹ́gẹ́ bí dependant, wọ́n máa ń sọ fún wọn pé "mo máa pe Home Office, wọ́n á dá ọ padà". Kí ló lè ṣe?

Òṣìṣẹ́ Ilé Ààbò: Ó lè pè wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni òpin. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní MVDAC (Migrant Victims of Domestic Abuse Concession), oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń fún ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú nítorí ìwà ipá nínú ilé, ó sì lè gba owó ìrànwọ́ ìjọba láàárín rẹ̀. Láti oṣù Kejì 2024 ó ti kan àwọn tó bá òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wá. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe: ẹni tó wá lórí fìsà ọkọ tàbí aya ọmọ ìlú lè ti ibẹ̀ bèèrè ìgbélé títí láé, ẹni tó bá òṣìṣẹ́ wá kò ní ọ̀nà yẹn, oṣù mẹ́ta ló ní láti wá ọ̀nà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ sì ni bí ẹ bá ti gba MVDAC, fìsà àtijọ́ ti lọ nìyẹn. Ẹ má kọ̀wé sí wọn láì kọ́kọ́ rí agbẹjọ́rò ìwọ̀lú. Páásípọ́ọ̀tù tí ọkọ mú pamọ́, ẹ sọ fún ọlọ́pàá, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn gan-an ẹ̀rí ìjẹgàba ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Lọ́yà, bí ẹjọ́ Challen bá jẹ́ Ìbàdàn ńkọ́?

Lọ́yà Ìgbòṣeré: Ìbéèrè gidi ti dé nìyí. Á ṣòro gan-an láti gbà á sílẹ̀. Abala 318 Criminal Code fẹ́ ìmúnibínú òjijì, kí ènìyàn ṣe é kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Òòlù tó ti ilé gbé wá ti ba ìyẹn jẹ́, torí agbẹjọ́rò ìjọba á ní ó ti múra sílẹ̀. Diminished responsibility tí wọ́n fi gbà á lọ́hùn-ún, ìyẹn pé àìsàn ọpọlọ dín ẹ̀bi ẹni kù, kò sí nínú Criminal Code wa. Abala 28 ló wà, ti ẹni tí orí rẹ̀ dàrú débi tí kò mọ ohun tó ń ṣe, tàbí pé kò dáa, tàbí tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, olùjẹ́jọ́ ló sì máa fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí murder bá dúró, abala 319, ikú ni, adájọ́ kò lè dín in kù.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣáájú ikú, òfin wa mọ̀ ọ́n ju bí ẹ ṣe rò lọ. VAPP, òfin tó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀, ti 2015, abala 12 dé 14: fífi owó de ènìyàn mọ́lẹ̀, yíya á kúrò lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́, fífi ọ̀rọ̀ da ọkàn rẹ̀ rú. Àbújá ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti sọ tiwọn dòfin. Èkó ti ní tirẹ̀ láti 2007. Ẹ lè bèèrè àṣẹ ààbò láì tíì fẹ̀sùn ọ̀daràn kan ẹnikẹ́ni: ìwé ìbúra, ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kúlẹ̀kúlẹ̀, ẹ̀rí tó bá wà. Adájọ́ lè fún yín ní ti ìgbà díẹ̀ kó tó gbọ́ ẹnu ẹnìkejì. Ìwé ìbúra tó kàn sọ pé "ó máa ń fìyà jẹ mí" nìkan ni wọ́n máa ń dá padà.

Àdúkẹ́ Dublin: Ṣé òótọ́ ni pé ó jogún ọkọ tó pa?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: HÀÁÀ. Ẹ dúró ná.

Lọ́yà Ìgbòṣeré: Òótọ́ ni. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá pa ènìyàn kò gbọ́dọ̀ jẹ nínú ogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n Forfeiture Act 1982 gba adájọ́ láàyè láti yí i padà bí kì í bá ṣe murder. Oṣù Karùn-ún 2020, Adájọ́ Matthews yí i padà fún un. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì kò takò ó, ọ̀kan nínú wọn, David, ló jà fún ìyá rẹ̀ ní gbangba. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ìdálẹ́bi ni ènìyàn ní láti gbé e wá, bó bá kọjá, ó kọjá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ ti pa mí. Kí ẹbí ọkọ wá jókòó máa wò ó?

Ìyá Ọ̀ṣọ́dì: Ẹbí ọkọ tó kó ilé lé opó lọ́wọ́ nígbà wo?

Baba Sùúrù: Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ opó wọlé, a ò ní sùn lónìí.

Fìsà Wàhálà: Ìbéèrè kan ṣoṣo. Tí ọkọ bá wà nínú yàrá tí ènìyàn kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí a tẹ 999 kí a sì tẹ 55. Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n á mọ ibi tí a wà?

Òṣìṣẹ́ Ilé Ààbò: Rárá, ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́ jù. 55 kì í sọ ibi tí ẹ wà, ohun tó ń ṣe ni pé ó gbé yín dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá dípò kí wọ́n gé e. Lórí fóònù alágbèéká nìkan ni. Ẹ dúró kí ohùn náà sọ fún yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ wúkọ́ tàbí kí ẹ lu ẹnu fóònù bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀. Fóònù ilé kò lo 55 rárá. Tí ẹ bá gbé e lélẹ̀, ìlà náà lè ṣì wà ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú-àáyá 45, ẹ tún un gbé. Bí kò bá jẹ́ pàjáwìrì, ẹ pe nọ́ńbà ìrànwọ́ lórí ìwà ipá nínú ilé, 0808 2000 247, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru. Ẹ fi orúkọ mìíràn pamọ́ ọ́ sínú fóònù, "Oníṣòwò gaàsì" dáa.